Ìró Tí Kì í Dún Lójú Ẹlẹ́rìí

Kò sí ohun tó ń dunni tó kí èèyàn máa sọ òótọ́, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ máa fi ojú àánú wò ó. Bí wọ́n bá pe èèyàn ní òpùrọ́, ìyẹn ṣì sàn. A lè bá wọn jà, a sì lè pe àwọn náà ní baba òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ lọ sinmi" lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ, kí ni yóò fi gbèjà ara rẹ̀? Ohun tó ń ṣe Bàbá Onípákó nìyí láti ìgbà tí lọ́rì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro ó ṣàlàyé. Ó ń kó pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lọ fún àwọn káfíńtà káàkiri ìgboro, lọ́rì rẹ̀ sì ti dàgbà débi pé àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Irú lọ́rì tí kò ní imú ni. Àárín awakọ̀ àti ẹni tó bá jókòó tì í ni ẹ́ńjìnnì wà. Wọ́n fi ọmọrí irin bò ó bí àpótí, wọ́n wá fi awọ dúdú bo ọmọrí náà. Bí mọ́tò bá ń sáré lójú títì, kò sí ohun tó yàtọ̀. Ìgbà tó bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí táyà kò yí, bóyá níbi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró tàbí lẹ́nu géètì àwọn tó ń la gẹdú, ìgbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́-kọ́, kọ́. Yóò dáwọ́ dúró díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀, bí àlejò tó kànkùn tí wọn kò dá lóhùn.

Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ń wí. Nọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í fi ẹ̀rín pè é. Bí bẹ́rìn inú ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, irin yóò máa lu irin, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gan. Lọ́rì tó bá sì ti dàgbà tó Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe mọ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ní í wá fi okùn fà á lọ.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìró náà kì í dún lójú ẹlẹ́rìí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó gbé e lọ bá jókòó tì í, wọ́n jọ yí àdúgbò po, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, mẹkáníìkì yẹn ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Irú wọn pọ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ọrùn ni wọn yóò kọ́kọ́ wò bóyá ó ṣe é gé. Bàbá Onípákó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Aránṣọ ni, ìlú kejì ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ojoojúmọ́ ló ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Kí lẹ jẹ?" "Oúnjẹ." Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tí olúkúlùkù wọn mọ̀ pé ẹnì kejì kò gba òun gbọ́.

Nígbà tí bàbá náà mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìró yìí, ọmọ náà kò fi ṣeré, ó wá. Ó gun lọ́rì, ó jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, wọ́n sì jọ wa ọkọ̀ náà dé orí afárá, wọ́n padà. Bí wọ́n bá dúró, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí àgbàlagbà tí òtútù mú, ṣùgbọ́n kò kànkùn. Wọ́n dúró níbi iná, ó dákẹ́. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, ó dákẹ́. Bàbá Onípákó ń wo ọmọrí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti kí àlejò. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ojú aránṣọ ló bá pàdé, ó sì rí i pé kì í ṣe mọ́tò ni ọmọ òun ń wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi," ọmọ náà wí.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró sórí afárá, ìró náà sì bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti ìgbàkígbà lọ. Bàbá náà kò lè fara dà á mọ́. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé etí lé ara lọ́rì. Àwọn ọkọ̀ iwájú ṣí, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ẹnìkan ń bú u láti ojú fèrèsé, kò dá wọn lóhùn. Kó tó délé, ẹni tó mọ ọmọ rẹ̀ ti pe aránṣọ lórí fóònù, òun náà sì pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, wọ́n ní ẹ dúró sórí afárá."

"Mo dúró."

"Wọ́n ní ẹ gbé etí lé ara mọ́tò, ẹ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

"Ó ń kànkùn nígbà yẹn. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá."

Bàbá ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń du nǹkan kan mọ́ra wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Mi ò fẹ́ bá yín jà," ló wí. "Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ wá mẹkáníìkì kan tó mọṣẹ́, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìró yẹn. Tó bá gbọ́ ọ, kó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí kò bá gbọ́ ọ, èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. A máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, a sì máa mú yín wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá ti wà nílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ò tíì le tó bẹ́ẹ̀."

"Kó má baà le tó bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Ilé ọmọ rẹ̀ kò burú. Ó mọ̀ pé wọn yóò tọ́jú òun, wọn yóò gbé tíì fún òun láàárọ̀, àwọn ọmọ yóò sì máa bi òun bóyá òun fẹ́ kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n gba lọ́rì lọ́wọ́ òun, ó sì nídìí tí kò fẹ́ ẹ, ìdí tí kò ṣe é sọ létí ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dẹ́rù bà á gan-an kò sí nínú ilé ọmọ, kò sì sí nínú lọ́rì. Inú ara rẹ̀ ló wà. Bí èèyàn kan bá ń gbọ́ ohun tí gbogbo ayé kò gbọ́, kí la ń pe olúwarẹ̀? Bó bá jẹ́ pé orí òun ló ń kànkùn ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló ń bá a jẹun, òun ló ń bá a wẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bi léèrè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wa lọ́rì náà lọ bá mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Má-tíì-tú-u.

Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ débi iṣẹ́, ó sì fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀ tó ti kán. Ìbínú rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bí ọmọṣẹ́ kan bá gbé sípánà súnmọ́ mọ́tò kí òun tó mọ àrùn tó ń ṣe é, igbe ni yóò ké: má tíì tú u. Ó ní ẹni tó bá tú ohun tí kò yé e, ohun tí kò yé e náà ni yóò tò padà. Ọgbà rẹ̀ gùn, ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú fún epo, síìtì bọ́ọ̀sì tó ti ya ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró de mọ́tò wọn. Lápá kejì ògiri, àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀ ń lu tiwọn láìsinmi, tó fi jẹ́ pé ariwo ni gbogbo èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Má-tíì-tú-u gbọ́ gbogbo àlàyé bàbá náà láìjá lu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó tanná sí i.

"Ó ń gbọ̀n," ló wí, kò tíì pẹ́ tó gbọ́wọ́ lé e. "Ṣé bó ṣe máa ń gbọ̀n nìyí tó bá dúró?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n. Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kí àwọn ará ilé kí n tó béèrè olórí ẹbí."

Ó ṣí ọmọrí ẹ́ńjìnnì, ó fi í ti ẹ̀yìn síìtì. Mẹ́rin ni àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà dé ojú nọ́sù, níbi tí wọ́n ti ń fín in sínú ẹ́ńjìnnì. Ó mú sípánà, ó tú ìdí èkíní díẹ̀, ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó dè é padà. Ó tú èkejì, ẹ́ńjìnnì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìgbà tó tú ẹ̀kẹta, dísẹ́ẹ̀lì tú jáde, ẹ́ńjìnnì kò sì mira, bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń gbọ̀n.

"Ọ̀lẹ rèé," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti gbé pákó rí, Bàbá. Tí èèyàn mẹ́rin bá gbé pákó, tí ẹnìkan kàn fọwọ́ kan án lásán, ṣebí pákó á máa mì ni? Ohun tó ń jẹ́ kó gbọ̀n nìyẹn. Nọ́sù yìí ti dí."

"Ṣé òun ló ń kànkùn?"

"Kò kànkùn kankan báyìí."

Òótọ́ ni. Ọmọrí wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn gbangba, kò sì sí ìró kan. Bàbá Onípákó ní kó yọ nọ́sù náà, kó fọ̀ ọ́, bóyá ìyẹn á ṣe é. Mẹkáníìkì náà kọ̀.

"Mo máa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ kan nǹkan kan kí n tó gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá wá, mi ò ní mọ ohun tí mo tún ṣe mọ́, ẹ̀yin náà ò ní mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Ó dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó wọ abẹ́ lọ́rì, ó fi irin gígùn kan ti ìdí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi etí sí orí irin náà. Bí bẹ́rìn bá ti jẹ, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní bẹ́rìn rẹ̀ dára ju ti àwọn ọkọ̀ tuntun kan lọ. Ó de ọmọrí padà, ó gòkè, ó jókòó ti bàbá náà, ó gbé ìgúnpá lé ọmọrí, ó sì di ojú kó lè gbọ́ dáadáa. Wọ́n jókòó. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Wọ́n wà á yí ọgbà po, wọ́n tún dúró. Kò sí nǹkan kan.

Mẹkáníìkì náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Bàbá Onípákó mọ ìwà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àánú fún àgbàlagbà a máa kọ́kọ́ wá nǹkan nù. Ó ti ń wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ lọ sinmi, ó sì ti ń rí ọmọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ké sí Má-tíì-tú-u láti ìdí mọ́tò mìíràn. Ó ní òun ń bọ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Kò tíì rìn jìnnà. Kọ́, kọ́, kọ́-kọ́.

Bàbá Onípákó kò kọ́kọ́ pè é. Ojú ń tì í. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí sítíárìn, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lu, ó sì ń rò ó pé bóyá kí òun kúkú jẹ́ kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni inú bí i.

"Ó ti dé o," ló pariwo. "Wá gbọ́ ọ báyìí."

Má-tíì-tú-u sáré padà pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó gòkè, ó jókòó. Ìró dákẹ́.

"Ó dún. Mo fi ẹ̀mí mi búra, ó dún nísinsìnyí."

Mẹkáníìkì wò ó. Bàbá Onípákó ti ń retí ojú àánú, ṣùgbọ́n kò rí i lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó wo síìtì tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé, ó wo ìgúnpá rẹ̀, ó wo ọmọrí tí ìgúnpá náà wà lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ná."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí n jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Èmi nìkan."

Bàbá náà sọ̀kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Láti ìsàlẹ̀ kò gbọ́ ohunkóhun, ariwo àwọn tó ń lu irin lẹ́yìn ògiri bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ojú mẹkáníìkì nìkan ló ń wò. Ó wò ó títí ojú náà fi yí padà.

"Mo ti gbọ́ ọ," Má-tíì-tú-u wí.

Bàbá Onípákó gbára lé ilẹ̀kùn lọ́rì. Gbogbo oṣù tó fi ń bẹ̀rù orí ara rẹ̀ já lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìní ohùn.

"Ẹ gòkè wá wò ó," mẹkáníìkì ní. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí ọmọrí, lápá ibi tí síìtì kejì wà. Ìró dákẹ́. Ó gbé e kúrò. Kọ́, kọ́. Ó gbé e padà. Ó dákẹ́. Ó ń ṣe é bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré tuntun. "Ìkọ́ tó yẹ kó di ọmọrí yìí mú ti jẹ tán. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n nítorí nọ́sù, ó ń fò sókè, ó ń lu ọmọrí. Tí ẹ bá dá wà níbí, á máa lù ú. Tí ẹnìkan bá jókòó tì yín, orúnkún tàbí apá rẹ̀ á wà lórí ọmọrí, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní lè dún. Tí mo bá sì ṣí i láti wo inú rẹ̀, kí ló fẹ́ lù? Ẹ ò rí i bó ṣe gbọ́n tó. Gbogbo ẹni tó bá wá gbọ́ ọ ló ń fi ara rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́."

Ó tún wọ abẹ́ lọ́rì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ ń wá láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ́n-ẹ́n. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti já. Òun ló ń jẹ́ kó rí àyè fò. Ṣùgbọ́n kò já láìpẹ́ yìí o, Bàbá. Epo ti dì lé ojú ibi tó já, eruku ti dì lé epo. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ó yẹ kó ti máa kànkùn tipẹ́."

"Kò kànkùn rí. Ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀."

"Kò lè jẹ́ ọdún yìí." Ó yọrí jáde lábẹ́ lọ́rì, ó ń nu ọwọ́. "Àfi tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń jókòó tì yín nígbà yẹn. Ta ló máa ń bá yín rìn?"

Bàbá Onípákó ń wo síìtì kejì.

"Ìyàwó mi," ló wí nígbà tó yá.

Má-tíì-tú-u kò béèrè ibi tí obìnrin náà wà. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀. Ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ó sì jẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́ tó dára, èyí tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí nǹkan ṣe, tí kì í ṣe ti ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Lẹ́yìn náà ló tún di mẹkáníìkì. "Mo lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọmọ yín ń bọ̀ lọ́la. Tí mo bá ti tún un ṣe tán, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ pè é kó gbọ́ ọ báyìí."

Aránṣọ gbé fóònù. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ṣé kò sí o, bàbá mi?"

"Kò sí. Mẹkáníìkì ti gbọ́ ọ."

"Ó gbọ́ ọ, àbí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ pé òun gbọ́ ọ?"

Má-tíì-tú-u gba fóònù náà. "Màdáámù, ẹ má gbà mí gbọ́, ẹ gba etí yín gbọ́. Ariwo pọ̀ níbí. Bàbá máa gbé fóònù sórí síìtì, wọ́n á wa ọkọ̀ jáde lọ síbi tó dákẹ́, àwọn nìkan. Ìgbà tí wọ́n bá dá wà ló ń dún. Ẹ má pa á."

"Mi ò ní pa á. Aṣọ ni mò ń rán, mo ń gbọ́."

Bàbá Onípákó gbé fóònù sórí síìtì, ó sì wa lọ́rì jáde. Lẹ́yìn ọgbà náà, ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn kan kọjá, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀. Ó wà á dé ìdajì ògiri náà, ó yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Oòrùn wà lára ògiri. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì pẹ́: kọ́, kọ́, kọ́-kọ́.

Ó jókòó, ó ń gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìró náà kò bà á lẹ́rù. Ó na ọwọ́ sí etí ọmọrí, lápá tí mẹkáníìkì tẹ̀, ó sì rí i pé awọ ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, ó ń dán, bí ibi tí orúnkún kan ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀, tí kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé inú lọ́rì yìí nìkan ló ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ilé kò ṣe é ṣe. Àwọn ìbátan ti kó ẹrù obìnrin náà, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti yí bẹ́ẹ̀dì sí apá ibòmíràn, ibẹ̀ sì ti di yàrá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti gun lọ́rì, tó ti ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ á là. Kì í ṣe pé ó rò pé obìnrin náà á dá òun lóhùn. Ó mọ̀ pé ó ti kú, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín. Ó kàn nílò ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yìí, kò ní ríbi sọ ọ́ mọ́, kò sì mọ bí òun ṣe máa wà láàyè láìsọ ọ́.

"Màmá," ló wí, "o ò sọ fún mi."

Kọ́, kọ́.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Orúnkún rẹ á máa gbóná, wàá ká aṣọ lé e, wàá tún gbé e padà síbẹ̀. Mo ní òtútù ló ń mú ọ. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní o ti darúgbó jù mí lọ. Ṣé o mọ̀ pé ìwọ lo dì í mú? Àbí ìwọ náà ò mọ̀, ó kàn rọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Nígbà tí o lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn. Mo rò pé orí mi ló ń dà rú. Ọmọ rẹ náà rò bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì bá a jà, ọmọ dáadáa ni, ìwọ lo tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú mi lọ síbẹ̀, níbo ni mo ti fẹ́ máa rí ọ? Mi ò lè máa dá sọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, wọ́n á sá fún mi. Ilé ò dùn mọ́, Màmá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, kí o lè mọ̀ pé èmi ni."

Ó nu ojú rẹ̀, ó sì rí fóònù.

Ó wà níbi tó gbé e sí, iná ojú rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bàbá Onípákó ń wò ó bí ẹni tó rí ejò lórí síìtì. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún mọ́ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí òun rí ẹ̀rí pé orí òun pé, ọjọ́ náà ni òun fi ẹnu ara òun ba ẹ̀rí jẹ́. Ó gbé e, ó fi í sétí.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, bàbá mi." Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ń kànkùn lóòótọ́."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ìyókù náà."

Kò sí ohun tó kù láti fi pa mọ́. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú níbi tó wà lára mọ́tò, bí ẹni tí wọ́n ti fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́la ńkọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo?" ọmọ rẹ̀ wí.

Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ìró náà sì ń lu lọ, ọmọ náà ń gbọ́ ọ láti ìlú kejì, bàbá sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

"Bàbá mi."

"Ẹ́n?"

"Kẹ́ ẹ tó padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ bá mi kí Màámi."

Bàbá Onípákó gbé fóònù padà sórí síìtì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà kú. Ó yíjú sí ibẹ̀.

"Ọmọ rẹ ní kí n kí ọ," ló wí, ó sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.